Wọ́n Fọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjọ Kò Fọ́: Ìfaradà Àwọn Onígbàgbọ́ Àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn

Ní ọjọ́ Ìsinmi, 13 Oṣù Kẹwàá 1867, àṣẹ jáde nílùú Abẹ́òkúta pé kò gbọdọ̀ sí ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Kò pẹ́ tí èrò fi ya wọ ọgbà àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n yọ ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n fa ìwé ya. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí míṣọ́nnárì Henry Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, tó ti ń jáde láti Oṣù Kejìlá 1859, bá ìrúkèrúdò náà lọ.

Àwọn òyìnbó ajíyìnrere kó jáde nílùú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ di ẹrù wọn, wọ́n gba ọ̀nà Èkó lọ. Àwọn tó kù sílé ń wo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ìtàn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé.

Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn náà lókèèrè nígbà náà lè sọ pé ẹ̀sìn Kristi ti parí ní Abẹ́òkúta. Kò parí. Ìjọ tó wà níbẹ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó la ọdún náà kọjá ló ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn wọn fi hàn pé kì í ṣe ilé, kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe agbára ìjọba ló ń mú onígbàgbọ́ dúró nínú ìpọ́njú. Ìgbàgbọ́ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ dì mú láàrín àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń dúró.

Àwọn tó ti ìgbèkùn dé

Ìgbàgbọ́ náà kò kọ́kọ́ tọwọ́ òyìnbó wọ Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó, tí wọ́n tà fún ọlọ́kọ̀ ẹrú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá gbà sílẹ̀ lójú òkun, ni wọ́n gbé e dé. Freetown ní Sàró ni wọ́n kó wọn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe ìrìbọmi. Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí àwọn.

Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Abẹ́òkúta ní Oṣù Kejìlá 1842. Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, tẹ̀lé e ní Oṣù Kìíní 1843. Ṣódẹkẹ́, aṣáájú tó kó Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣódẹkẹ́ kú ní 1845, nítorí náà ó di Oṣù Kẹjọ 1846 kí Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ẹrú, tó wá fìdí kalẹ̀.

Ní oṣù yẹn kan náà ni Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlà. Ogun ló ti yà wọ́n láti ìgbà tí wọ́n kó Òṣogùn ní 1821, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko. Ní Oṣù Kejì 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe é nílùú náà. Irú àwọn ènìyàn tó para pọ̀ di ìjọ àkọ́kọ́ nìyẹn: àwọn tó ti fojú winá ogun, tí wọ́n mọ ohun tí àdánù jẹ́.

Àbà lẹ́sẹ̀, ẹgba lẹ́yìn

Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń wá sí ìsìn kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí iye wọn ń pọ̀ sí i ni ọ̀ràn yí padà. Ní 1849, inúnibíni bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n mú onígbàgbọ́ lọ sí ilé Ògbóni, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì kó ẹrù ilé wọn.

Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò pọ̀ lójú àwọn tó ń béèrè rẹ̀. Kí wọ́n má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kí wọ́n padà sídìí ohun tí baba wọn ń bọ. Ẹni tó bá gbà, wọ́n á tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ìdánwò náà ti le nìyẹn, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ àbà wà lẹ́nu ẹni tí wọ́n kàn án mọ́.

Ìyà àwọn obìnrin tún yàtọ̀. Àtakò tiwọn kì í sábà ti ilé Ògbóni wá, inú ilé ọkọ àti ilé baba wọn ló ti ń wá. Wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó, wọ́n lè lé e kúrò nílé, wọ́n sì lè ní òun ló fa ikú tàbí àìsàn tó wọlé. Oníṣòwò tó pinnu pé òun kò ní patẹ lọ́jọ́ Ìsinmi mọ̀ pé bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ náà, èrè ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.

Àwọn òpìtàn tó ti yẹ ìwé ìrántí àwọn míṣọ́nnárì wò tọ́ka sí ohun kan. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló dúró. Àwọn kan padà sẹ́yìn, àwọn kan fara pa mọ́ títí ìjì náà fi rọlẹ̀, àwọn mìíràn sì tún padà wá lẹ́yìn náà. Ìjọ kì í ṣe àkójọ àwọn akọni nìkan. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí inúnibíni náà kò fi lè ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń bí alátakò nínú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìfaradà wọn ti jinlẹ̀ tó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kojú. Kì í ṣe ìkà lásán ló ń ti àwọn alátakò. Ní ìlú Yorùbá ayé ìgbà náà, ẹ̀sìn kì í ṣe ọ̀ràn ẹnì kan ṣoṣo. Òun ló so òkú mọ́ alààyè, òun ló so ọba mọ́ ìlú. Ẹni tó bá ní òun kò bọ òrìṣà ilé mọ́, lójú àwọn ẹbí rẹ̀, ààbò tó bo gbogbo wọn lórí ló ń tú.

Ọ̀ràn ìsìnkú wà lára ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwọn Ògbóni ní ipa tiwọn nínú ètò òkú, owó àti ohun ètùtù sì máa ń bá a rìn. Nígbà tí onígbàgbọ́ bá kú, tí àwọn ará ìjọ wá fi àdúrà sin ín, ẹbí rí i pé wọ́n ti gba òkú wọn lọ, àwọn àgbà sì rí i pé ẹ̀tọ́ wọn ti bọ́. Ti babaláwo kò yàtọ̀. Iye ẹni tó ń wá dáfá, tó sì ń rúbọ, ń dín kù bí ìjọ ṣe ń pọ̀ sí i.

Òwò ẹrú náà tún wà níbẹ̀. Àwọn ìjòyè àti oníṣòwò kan ṣì ń jèrè nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn míṣọ́nnárì ń bá a jà. Fún irú wọn, lílé onígbàgbọ́ jáde jẹ́ ọ̀nà láti dáàbò bo àpò ara wọn.

Ohun méjì ló dẹwọ́ inúnibíni náà. Ní Oṣù Kìíní 1851, John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣàbẹ̀wò sí Abẹ́òkúta. Èkejì, tó ṣe pàtàkì jù, ṣẹlẹ̀ ní 3 Oṣù Kẹta ọdún náà, nígbà tí Gẹ́zò, ọba Dahomey, kó ogun wá bá ìlú. Àwọn onígbàgbọ́ jáde lọ sí odi pẹ̀lú àwọn ará ìlú yòókù. Àwọn tí wọ́n kàn lábà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn gbé ìbọn láti gba ìlú tó fìyà jẹ wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀gbá ṣẹ́gun. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé onígbàgbọ́ kì í ṣe ọmọ ìlú.

Òṣèlú wọ ọ̀rọ̀ náà

Ti 1867 yàtọ̀ sí ti 1849. Ẹ̀sìn nìkan kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, wọ́n sì ń na ọwọ́ wọn bọ ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá kà sí tiwọn. Ní 1867, John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, fi ọlọ́pàá síbi tí Ẹ̀gbá sọ pé ó wà lábẹ́ àṣẹ àwọn. Ìbínú gba ìlú kan.

Lójú àwọn ìjòyè, òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́. Àlùfáà tó ń wàásù ní Aké àti gómìnà tó ń pàṣẹ ní Èkó, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọwọ́ wọn kò tó Glover, ó sì tó àwọn míṣọ́nnárì. Bí àwọn ọmọ ìjọ tí kò mọ ohunkóhun nípa ààlà ilẹ̀ ṣe jìyà ohun tí wọn kò ṣe nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ nípa ìtàn ìjọ ka èyí sí ẹ̀kọ́ pàtàkì. Nígbàkúùgbà tí àwọn ènìyàn bá rí ìgbàgbọ́ bí apá kan agbára ìjọba àjèjì, àwọn onígbàgbọ́ ilé ló máa ń san gbèsè rẹ̀. Ààbò tí àbẹ̀wò Beecroft mú wá ní 1851 ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n irú ààbò bẹ́ẹ̀ kan náà ló mú kí ìlú máa fura sí wọn ní 1867.

Nígbà tí òyìnbó kò sí nílé

Glover fún àwọn tó sá wá sí Èkó ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, àdúgbò wọn sì di Àgọ́ Ẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tún ìgbé ayé àti ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò lọ. Àwọn tó dúró sí Abẹ́òkúta ni ẹrù náà já lé léjìká. Kò sí òyìnbó tó máa ṣètò, owó òkèèrè kò dé déédéé mọ́. Iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn àlùfáà àti olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, irú William Moore tó wà ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀. Láàrín àwọn ọmọ ìjọ, John Òkénlá, tó jẹ́ Balógun àwọn onígbàgbọ́, wà lára àwọn tó ń ṣojú wọn níwájú àwọn ìjòyè ìlú.

Ohun tó gbé wọn ró kò ní ariwo nínú. Ìpàdé àdúrà nínú ilé ni. Owó kíláàsì ni, ìyẹn owó kékeré tí ọmọ ìjọ ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níwájú olórí kíláàsì rẹ̀. Olórí kíláàsì mọ ẹni tí kò wá, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àìsàn, wọ́n á lọ wò ó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù, wọ́n á lọ bá a jókòó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá mọ̀ pé àwọn kan ń retí òun kò ní tètè juwọ́ sílẹ̀.

Henry Venn, tó jẹ́ akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841, ti ń kọ ọ́ tipẹ́ pé ìjọ gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀, kó ṣàkóso ara rẹ̀, kó sì tan ìyìn rere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìfọ́lé sọ èrò náà di dandan ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n fi James Johnson, àlùfáà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà ní 1877, ìjọ tó wà láàyè ló bá níbẹ̀.

Ebi ní Ìbàdàn

Ìpọ́njú ti Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn wá. David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì ní 1853. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gba àwọn ọmọdé sọ́dọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òbí kan fi rí i pé àwọn ọmọ wọn kò fẹ́ bá wọn bọ òrìṣà mọ́. Wọ́n na àwọn ọmọ náà, wọ́n dè wọ́n mọ́lé, wọ́n ń dù ú kí wọ́n má padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàrín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà láti Ìbàdàn sí etíkun sì dí fún ọdún bíi márùn-ún. Owó àti oúnjẹ tó yẹ kó ti Èkó wá kò dé mọ́. Tọkọtaya náà ń ta aṣọ àti ohun èlò ilé wọn kí wọ́n tó rí owó ẹyọ tí wọn yóò fi bọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn. Àìsàn àti ebi rẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà kò tú ká.

Ní 1869, àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti bá wọn dé láti Abẹ́òkúta, ló gba iṣẹ́ náà. James Òkúṣeindé wà ní Arẹ̀mọ, W. S. Allen sì wà ní Ògùnpa. Samuel Johnson, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí fún ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, jẹ́ olùkọ́ láàrín wọn.

Ìlú jagunjagun ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìlú tí ènìyàn ti ń tipasẹ̀ ogun di ẹni ńlá. Wọ́n gbé ibẹ̀ la ogun Kírìjì náà já, ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Nígbà tí àwọn ìlú ń wá ọ̀nà àlàáfíà, Samuel Johnson, tó ti wá di àlùfáà, wà lára àwọn tí wọ́n rán láti bá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ̀rọ̀. Ìjọ tí wọ́n ti kà sí àjèjì ti di ibi tí ìlú ti ń wá onílàjà.

Àtakò láti inú ilé

Àtakò tó dùn ènìyàn jù kì í sábà ti òde wá. Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 29 Oṣù Kẹfà 1864, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lẹ́bàá odò Ọya. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dá ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì tẹ bàbá arúgbó náà mọ́lẹ̀ níwájú àwọn tó ń darí. Ó fi ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Ó kú ní 31 Oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ katakata tó di ajíyìnrere, kojú irú ìṣòro mìíràn. Ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní Oṣù Keje 1930 kó èrò jọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba amúnisìn fi ń ṣọ́ ọ, àwọn àlùfáà ìjọ kan sì ń kọ ẹnu sí i. Ní 1932, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nílùú Benin. Ó jáde, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi kú ní 1959.

Ìdánwò òde òní

Àbà ti kúrò lẹ́sẹ̀ onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìdánwò kò tíì tán. Ní 5 Oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ nílùú Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ogójì ènìyàn ó kéré tán. Ní ìhà àríwá Nàìjíríà, wọ́n jí 110 ọmọbìnrin gbé ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dapchi ní Oṣù Kejì 2018. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ wọn padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọ̀kan dúró nítorí pé ó kọ̀ láti sẹ́ Kristi.

Ti ojoojúmọ́ kò ní ariwo, ó sì ń jẹni lára. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé èké lè rí i pé wọ́n gbé e lọ síbi tí ìgbéga kì í dé. Obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí ọkọ pé kó jẹ́ kí àwọn mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ nǹkan, nítorí pé àdúrà ti pẹ́ jù. Àwọn àlùfáà tó ń gba irú wọn nímọ̀ràn sọ pé ìnìkanwà ló ń rẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ ju àtakò fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́ ní ti wọn gbà pé ẹni tí kò bá tíì pinnu kí ìdánwò tó dé kì í sábà rí àyè pinnu nígbà tó bá dé.

Ohun tó ń mú ènìyàn dúró

Bí a bá to ìtàn wọ̀nyí jọ, ohun mẹ́ta ló yọ síta.

Èkíní ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí ènìyàn gbọ́. Crowther tẹ Ìwé sí Àwọn Ará Róòmù jáde lédè Yorùbá ní 1850, nígbà tí inúnibíni ṣì ń jó. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Ẹni tó lè ka ìtàn Dáníẹ́lì àti ti Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìyà òun kọ́ ni àkọ́kọ́, kò sì dúró de òyìnbó kó tó gbàdúrà.

Èkejì ni ìjọ tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé nílé nílò ibi tí yóò sùn. Oníṣòwò tí wọ́n kó lẹ́rù nílò owó tí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tí àwọn ará ti pèsè ìwọ̀nyí, ìgbàgbọ́ dúró. Níbi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni àìgbẹ̀san. Àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta gbèjà ìlú tó nà wọ́n. Àlùfáà Ìbàdàn bá ìlú jagunjagun wá àlàáfíà. Wọn kò jọ̀wọ́ ìgbàgbọ́ wọn, wọn kò sì kórìíra àwọn ènìyàn wọn. Ìwà yìí ló yí ọkàn àwọn tí ìwàásù kò lè yí.

Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìjọ tó bá mọyì àwọn tó la iná kọjá fún un kò gbọdọ̀ fi ìrántí wọn mọ sórí okùúta ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ó wá opó Ọ̀wọ̀ lọ sílé, kí ó gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ tí òtítọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó jókòó ti obìnrin tí ẹbí ń fojú pọ́n. Bí àwọn baba àti ìyá ìgbàgbọ́ ṣe dúró nìyẹn, iṣẹ́ náà sì wà lọ́rùn gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Kristi lónìí.